Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Ràájí Wọ Ọkọ̀

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìrójú, ẹ kú àfaradà. Láti ibi tí mo wà yìí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín, àyà mi kan ilẹ̀. Mo kí Bàbá Sùlè, àbúrò bàbá wa, tí wọ́n di bàbá fún wa láti ọjọ́ tí bàbá wa ti kú. Mo kí àwọn ìyàwó ilé láti orí ìyálé dé orí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé tí n kò tíì fojú rí. Mo kí Lèmọ́mù àdúgbò wa. Mo kí àwọn ará Ìjágbó àti Òjòkú tí ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ mi níbí. Gbogbo wọn wà láàyè, ara wọn le, kí ọkàn àwọn òbí wọn balẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ìyókù. Ràájí àbúrò mi, mo kí ìwọ náà.

Ẹ ó ti máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí lẹ́tà ọmọ sí ìyá rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìròyìn tí gbogbo ayé ń kà. Èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ l'Ékòó, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò. Ìyá mi, ẹ ò mọ̀wé. Ẹnìkan ni yóò kà á sí yín létí, mo sì mọ àwọn ará ilé wa. Bí ó bá jẹ́ bébà kan ṣoṣo ni mo fi ránṣẹ́, Bàbá Sùlè á kọ́kọ́ pe akọ̀wé rélùwéè sí kọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí ó kà á fún àwọn ná, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ fi oyin sí i kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. N kò bá wọn wí, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi alára ti fi oyin sí i nígbà kan, òun ló sì ń dà mí láàmú títí di òní. Nígbà tó bá ti wà nínú ìwé ìròyìn, kò sí ẹnu tó lè yí i padà mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni ìròyìn kàn mí, láti ẹnu ẹnìkan tó bá ọkọ̀ ẹrù gòkè wá, pé Ràájí ti di ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní ó ti ra bàtà. Wọ́n ní lẹ́yìn Iléyá ni yóò wọ ọkọ̀ wá bá mi, kí n fi í sínú ẹgbẹ́ wa tó ń gbé irin, kí ó rọ́pò Làmídì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n tún ní kì í ṣe òun nìkan, pé àwọn géńdé mìíràn ládùúgbò ń múra, nítorí òkìkí ẹgbẹ́ èmi Sànúsí ti kàn dé ilé, pé àwọn ọmọ Ọ̀fà gbé irin débi tí òyìnbó fi lanu. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá Ràájí dúró. Bí bàtà náà bá ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ ní kí ó bọ́ ọ. Kí ó jókòó kí a ka ìwé yìí dé òpin níṣojú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí ó wá.

Làmídì kò kú ikú ibà, Ìyá mi. Mo parọ́ fún yín. Ibà wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ló pa á, irin tí èmi àti òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn jọ gbé léjìká, èmi sì ni olórí wọn. Ká ní mo ṣe olórí bó ti yẹ ni, ì bá wà láàyè lónìí. Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí dúró díẹ̀ níbí, kí Ìyá mi lè sunkún. Bí wọ́n bá ti ṣetán, kí ó máa kà á lọ.

Ibi tí a wà yìí jìnnà. A ti kọjá Jẹ́bbà, a ti kọjá Odò Ọya, a sì tún lọ títí tí èdè fi yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn kan ń gé igbó níwájú, àwọn kan ń ru erùpẹ̀, àwọn kan ń to igi ìdábùú sílẹ̀, àwa sì ni à ń gbé irin wá tẹ́ lé e kí ọkọ̀ ojú irin lè rí ọ̀nà gbà. Nígbà ọyẹ́, irin máa ń tutù láàárọ̀ débi pé ó ń ta èèyàn lọ́wọ́. Tó bá di ọ̀sán, ó ti gbóná débi pé ewé la fi ń dì í mú. Ètè là, àtẹ́lẹsẹ̀ là. Tùwó ọkà bàbà ni wọ́n ń jẹ níbí. Mo ń jẹ ẹ́, ó sì ń yó mi, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo jẹ ẹ́ tí n kò rántí iṣu Òjòkú àti kúkúńdùkú tí ẹ máa ń sè fún wa nígbà tí òjò bá há wa mọ́lé. Nígbà tí mo bá dá wà, mo máa ń ka àwọn agboolé tó wà láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ọjà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n má baà gbàgbé wọn. Kíláàkì kan, ará Abẹ́òkúta, ló kọ́ mi ní ìwé. Ọdún kan gbáko ló gbà mí. Ó rò pé nítorí ipò ni mo ṣe fẹ́ mọ̀wé, n kò sì sọ fún un pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kọ.

Kì í ṣe ọgbọ́n ni wọ́n rí lára mi tí wọ́n fi fi mí ṣe olórí. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé, òyìnbó tò wá sórí ìlà, ó ní ta ni yóò ṣáájú àwọn ará Ọ̀fà. Àwọn ẹgbẹ́ mi tì mí síwájú, wọ́n ní ọdún mẹ́ta léraléra ni n kò rí ẹni dá mi níjàkadì nílé. Òyìnbó fọwọ́ tẹ èjìká mi bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù, ó ní kò burú, èmi ni. Bí mo ṣe joyè nìyẹn. Mo gbà pé ó tọ́ sí mi, nítorí èrò mi ni pé ẹni tó lágbára jù lọ ni olórí. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí ọmọ wa bá ti lè dá dúró ni a ti ń kọ́ ọ bí a ṣe ń dira mú kí ẹ̀yìn má kanlẹ̀. Bàbá Sùlè kọ́ mi dáadáa, wọn kò jẹ gbèsè kankan. Èmi ni n kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ mi fún pápá ìjàkadì ni, kì í ṣe fún ibi gbogbo.

Làmídì kò mọ ìjàkadì. Ẹ̀fẹ̀ ni Ọlọ́run fún òun. Ẹ ó rántí ọdún tí ọmọ àdúgbò kejì gbé e ṣánlẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, tó dìde, tó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Odidi ọjọ́ méje ni n kò fi bá a jẹun nínú àwo kan náà. Ẹ bẹ̀ mí, ẹ ní ọmọ ìyá mi ni. Mo ní ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ tó tún ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ìtìjú. Láti ọdún náà ni àbúrò mi ti ń wá bí èmi yóò ṣe yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Mo fẹ́ sọ pé n kò mọ̀. Mo mọ̀, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń gbé irin, kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Èèyàn mẹ́wàá ní í gbé irin kan, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn, kálukú á fi aṣọ ṣe òṣùká sí èjìká. Òfin kan wà tí a bá níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rẹ̀ nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lè ké pé ó tó. Bó bá ti ké, gbogbo wọn á dúró, wọ́n á kà dé ẹẹ́ta, wọ́n á sì sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tí í béèrè pé ta ló ké. Àwa ọmọ Ọ̀fà la pa òfin yẹn tì. Nílé wa, ẹni tí wọ́n bá fún mọ́ra nínú ìjàkadì tó bá ké pé ó tó, ó ti ṣubú nìyẹn, orin ni àwọn ọmọdé máa fi sìn ín délé. Lọ́sẹ̀ tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ará Ìjágbó kan nínú wa ké. Àwọn yòókù fi orin sìn ín dé ìdí àwo oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀rín tèmi ló sì ròkè jù. Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó tún ké mọ́. Mo wá sọ ọ́ di àṣẹ pé láti ibi tí a bá ti gbé irin títí dé ibi tí a ó tẹ́ ẹ sí, a kò ní sọ̀. Òyìnbó ń yìn wá, orí wa sì ń wú.

Ẹgbẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Tápà ni wọ́n. Bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tí orúnkún rẹ̀ kan kò ṣẹ́ po, ni olórí wọn. Bàbá Tápà la máa ń pè é. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ ni bàbá yìí máa ń fi síwájú, òun á sì gbé ìdí irin lẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ò ní rìn jìnnà tí á fi ké pé ó tó ní èdè wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó hàn pé kò tíì rẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á sọ̀, wọ́n á mu omi, wọ́n á tún gbé. Làmídì ló sọ wọ́n ní ẹgbẹ́ ìjàpá. Ó máa ń sín bàbá náà jẹ, á máa fa ẹsẹ̀ kan rìn yí ìdí iná ká, gbogbo kámpù á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Tápà gan-an á rẹ́rìn-ín, á sì ju ẹ̀pà lù ú. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn.

Lọ́dún tó kọjá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tìbínú-tìbínú. Ó wó òkìtì tí wọ́n mọ kọjá àfonífojì kan, ọkọ̀ tó ń kó irin kò lè kọjá mọ́. Ó di dandan kí a fi èjìká kó irin sọ̀kalẹ̀ sínú àfonífojì, kí a la odò kọjá, kí a tún gbé e gun òkè tó wà lódìkejì, kí odò náà tó kún. Òyìnbó pín irin náà fún ẹgbẹ́ wa àti ẹgbẹ́ Bàbá Tápà, ó sì ra àgbò ńlá kan, ó ní ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ kó tirẹ̀ tán ni yóò fi ṣe Iléyá. Kì í ṣe àgbò ló ká mi lára. Ohun tí mo fẹ́ ni kí àwọn ẹgbẹ́ ìjàpá máa wo ìpàkọ́ wa títí a ó fi parí. Lọ́jọ́ kìíní, ohun tí a kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tiwọn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn, àwọn àgbà ti wí i, ṣùgbọ́n èmi kò rántí ejò lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Làmídì kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Oòrùn ti yọ, síbẹ̀ ó fi aṣọ bora dé ọrùn. Mo bi í pé ṣé kò sí o. Ó ní kò sí, pé àgbò náà ló ń pe orúkọ òun lójú oorun tí kò jẹ́ kí òun sùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, kí ẹni tó ń kà á má sì ṣe sáré kà á. Mo rí i. Mo rí i pé ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọwọ́ mi kan ọrùn rẹ̀ nígbà tí mo ń bá a tún òṣùká rẹ̀ ṣe, ó gbóná janjan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ó jókòó, a ó ku mẹ́sàn-án, èmi yóò sì ní láti lọ yá ẹnìkan lọ́wọ́ Bàbá Tápà. Mo wò ó, ó wò mí. Mo ní ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé e. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo sì ń ṣẹ́jú.

Iwájú ni mo máa ń wà, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti ń rí ẹni. Ẹni tó wà níwájú kì í rí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. A sọ̀kalẹ̀, a la odò, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, amọ̀ ibẹ̀ sì ń yọ̀. Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, mo rí àwọn Tápà tí wọ́n ti sọ irin wọn kalẹ̀ létí odò, tí wọ́n ń mu omi. Inú mi dùn, mo fẹsẹ̀ kún ẹsẹ̀. Ìyá mi, irin kì í parọ́. Bí ẹnìkan bá ń gbọ̀n lẹ́yìn, ẹni tó wà níwájú yóò mọ̀ ọ́n léjìká. Irin náà ń gbọ̀n lórí èjìká mi, mo sì mọ ẹni tó ń gbọ̀n. Orin ni mo gbé sókè. Ọ̀jọ́ọlá, ọmọ ọlọ́dẹ kan láti Òjòkú, ló wà lẹ́yìn Làmídì. Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé òun rí i tó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ ké, tó tún pa á dé. Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Bí irin ṣe fì, kálukú bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ara ti máa ń ṣe kí ọkàn tó mọ̀. Làmídì nìkan ni kò lè bẹ́. Ó dojú bolẹ̀, irin sì já lù ú lẹ́yìn.

Àwọn Tápà sá gòkè wá. Àwọn ló bá wa gbé irin kúrò lára rẹ̀. Oníṣègùn òyìnbó wá, ó wò ó, ó mi orí, ó sì lọ. A tẹ́ ẹ sábẹ́ igi òrí kan, ó sì wà bẹ́ẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò ké, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá àwọn ìjàpá ti kọjá wa. Mo ní rárá, wọn ò tíì kọjá. Ó ṣe díẹ̀, ó ní kí n sọ fún Ìyá pé ẹ̀yìn òun kò kanlẹ̀. Ó ń wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Ó rò pé inú mi yóò dùn. Ìyẹn ló ń pa mí jẹ, Ìyá mi, kì í ṣe ikú nìkan, nítorí gbogbo wa la ó kú. Ọmọ yín ń lọ, ohun tó sì ń wá lójú mi ni bóyá òun ti ṣe dáadáa tó. Mo ní ó ṣe dáadáa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo yìn ín nìyẹn, kò sì dá mi lójú pé ó gbọ́.

A wẹ̀ ẹ́, a kírun sí i lára, a sin ín sábẹ́ igi òrí náà. Mo fi òkúta yí i ká. Ọkọ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá báyìí. Nígbà tó kan kí a ránṣẹ́ sílé, ẹnu mi kò gbà á. Mo ní kí wọ́n sọ pé ibà ni, gbogbo ẹgbẹ́ sì fara mọ́ ọn, wọ́n rò pé àṣírí mi ni àwọn ń bò. Èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ ni pé kí Ọlọ́run san mí lẹ́san rere tí mo tọ́jú àbúrò mi títí dé òpin. Àdúrà yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ.

Àwọn Tápà ló kọ́kọ́ kó irin tiwọn tán. Ní ọjọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ, Bàbá Tápà fa àgbò náà wá sí ìdí àgọ́ wa, ó ní kí a fi ṣe sàráà Làmídì. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo bi í pé báwo ni ó ṣe ń mọ̀ pé ó ti rẹ àwọn èèyàn rẹ̀, nígbà tí n kò gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn ké rí. Ó fi Yorùbá tí kò dán mọ́rán dá mi lóhùn pé òun kì í jẹ́ kó dé ibi tí wọ́n á ti ké. Ó ní ohun tó ń ti ọkùnrin lójú láti béèrè, olórí ló yẹ kó máa ṣe é láìdúró de ìbéèrè. Ó wá gbé aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi orúnkún rẹ̀ hàn mí. Ó ní nígbà tí òun ń ru ẹrù fún àwọn sójà òyìnbó ní ìgbà èwe òun, olórí tí wọ́n ní nígbà náà kì í wẹ̀yìn. Kò fi tèmi kún un. Èmi ni mo fi kún un lọ́kàn ara mi.

Mo lọ bá òyìnbó pé kí ó gba ipò náà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n má ṣe bí obìnrin, pé irú èjìká mi ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà mo ṣì ni olórí wọn, ṣùgbọ́n ìdí irin ni mo ń gbé báyìí. Ẹsẹ̀ wọn ni mo ń wò. Tí mo bá rí ẹsẹ̀ kan tó ń wọ́, mo ké pé ó tó, mo sì máa ń sọ pé èmi ló rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n bínú, wọ́n ní mò ń ba orúkọ Ọ̀fà jẹ́, ẹlòmíràn kò kí mi fún ọjọ́ púpọ̀. Oṣù mẹ́rin kọjá kí ẹnikẹ́ni tó lè ké yàtọ̀ sí èmi. Ọ̀jọ́ọlá ló kọ́kọ́ ké, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú púpọ̀. A dúró, a kà á, a sọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó kọrin. Ọ̀kan nínú wọn bu omi fún un, a tún gbé e, a sì lọ. Mo yà sí ẹ̀yìn igbó, mo sunkún bí ọmọdé, nítorí mo rí i pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ì bá dá ẹ̀mí àbúrò mi sí, kò tó ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mu igbá omi kan tán.

Ràájí, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Mo mọ ìdí tí o fi fẹ́ wá. O fẹ́ fi hàn mí pé o lè ṣe é. Àbúrò mi, o kò ní ohunkóhun láti fi hàn mí. Mo ti rí ọ, o tó. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà tó dìde nínú iyanrìn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó gba ọkàn ju tèmi lọ kí èèyàn tó lè ṣubú kó sì rẹ́rìn-ín. Bí iṣẹ́ rélùwéè bá wù ọ́ ṣe, n kò lè dí ọ lọ́nà. Ṣùgbọ́n lọ sábẹ́ ẹni tó máa ń wẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yòókù tí ẹ ti di ẹrù, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé olórí kan kí ẹ tó bá a lọ, ẹ má wo èjìká rẹ̀. Èjìká ni wọ́n wò lára mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Ìyá mi, òun ló sì ṣòro jù. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ òyìnbó. Lẹ́yìn Iléyá, tí oṣù bá ti lé, màá wọ ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí Ọ̀fà. N kò ní wọ ilé. Ìdí ibi tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀ ni màá jókòó sí, láti àárọ̀ tí mo bá dé títí di ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ tó ń padà sókè máa gbéra. Bí ẹ bá lè rí mi sójú, ẹ rán ẹnikẹ́ni tó bá wù yín, kí ó wá pè mí. Bí ẹ kò bá lè rí mi, ẹ má dààmú láti rán ẹnìkan wá sọ fún mi pé ẹ kọ̀, kí ojú má baà ti ẹni tí ẹ bá rán. N kò ní rán Bàbá Sùlè sí yín, n kò sì ní kí Lèmọ́mù bá mi bẹ̀ yín. Ẹ̀tọ́ yín ni. Nígbà tí ọkọ̀ bá fọn fèrè, màá dìde, màá wọ̀ ọ́, n kò ní bínú, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní ìkà níṣojú mi.

Kí Ọlọ́run tù yín nínú, Ìyá mi. Kí Ó fi Àlùjánnà kẹ́ Làmídì. Kí Ó má jẹ́ kí ẹ tún sin ọmọ mọ́, kí àwa tó kù fi ọwọ́ wa sin yín ní ọjọ́ alẹ́ yín. Kí Ó dá Ràájí sí, kí ó gbó, kí ó tọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé àti gbogbo àdúgbò, àti ará Ìjágbó tí mo fi ṣe ẹlẹ́yà, tó ti padà wálé: mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ẹni tó bá ka èyí.

Èmi ni Sànúsí, ọmọ yín, tí ẹ fa Làmídì lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a wọ ọkọ̀, tí ẹ sì sọ fún pé kí ó máa rìn lẹ́yìn àbúrò rẹ̀.